Àwo Tuntun Àwọn Àgbà Olórin Kùtọnu

Ọ̀ràn orin ni a mú tọ̀ yín wá lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe orin ìsìn. A mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ó kan katikíìsì nínú orin ijó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́, nítorí pé ọ̀ràn ìdájọ́ gan-an ni.

Ní òpin ọdún 2011, ọkọ àbúrò wa obìnrin wá kí wa ní ilé wa ní Òwu. Ọmọ Kùtọnu ni, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dàhòmì títí di ọdún 1975. Àwọn baba ńlá wa kì bá tí fi ọmọ fún ará Dàhòmì, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ogun wọn wá sí ẹ̀bá odi Abẹ́òkúta, ní 1851 àti ní 1864, tí a sì lé wọn padà. Ṣùgbọ́n ayé ti yí, àna rere sì ni ọkùnrin yìí. Nínú ẹ̀bùn tí ó kó wá ni àwo sídì kan wà tí a ń pè ní Cotonou Club, iṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo.

Ní ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Kùtọnu. Wọ́n fi oyè kan ní èdè Faransé kún orúkọ wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Alágbára Gbogbo. Ìbá ṣe pé wọ́n bi wá, à bá ti wí fún wọn pé oyè náà ti ní ẹni tí ó ni ín. Wọ́n mú ìlù sato tí àwọn Fọ̀n ń lù nítorí àwọn òkú wọn, wọ́n mú ìlù sakpata, ti òrìṣà tí ilé wa ń pè ní Ṣànpọ̀nná, wọ́n sì pò wọ́n mọ́ irú orin tí James Brown, ọmọ gúúsù Amẹ́ríkà, ń kọ. Èkó ni wọ́n ti ń gba púpọ̀ nínú orin wọn sílẹ̀ nígbà náà, ní ilé iṣẹ́ EMI. Àwọn mìíràn ni wọ́n fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo àti gbohùngbohùn kan tàbí méjì gbà ní Kùtọnu. Lẹ́yìn ọdún 1980, onígìtá wọn tí a ń pè ní Papillon kú, onílù wọn Léopold náà sì kú. Ẹgbẹ́ náà dákẹ́.

Àwọn àlejò ni wọ́n jí wọn. Ní 2008, ilé iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì ṣa àwọn orin wọn àtijọ́ jọ, ó sì tà wọ́n káàkiri ayé. Ní 2009 wọ́n lọ kọrin ní Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́. Cotonou Club tẹ̀ lé e ní 2011, àwo tuntun àkọ́kọ́ wọn lẹ́yìn ogún ọdún ó lé. Páríìsì ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Angélique Kidjo bá wọn kọrin nínú rẹ̀, àwọn méjì láti inú ẹgbẹ́ Franz Ferdinand ti ilẹ̀ Skọ́tílándì sì bá wọn lu ohun èlò.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi ìwé ìròyìn dá orin lẹ́jọ́ ní ìlú Òyìnbó ni wọ́n fi ayọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn kan wí pé ó ti mọ́ jù, pé eruku àti èéfín tí ń bẹ nínú àwọn àwo àtijọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ orin àtijọ́ tí a tún kọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọ̀gá wa àtijọ́ ní ọ́fíìsì wà lọ́dọ̀ wa. Nígbà èwe rẹ̀ ó ra àwo ẹgbẹ́ yìí ní Èkó, ó sì tọ́jú wọn di òní. Orin kẹta kò tíì parí tí ó fi mi orí. Ó ní, "Wọ́n ti fọ aṣọ yìí jù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí." Àwa náà gbè é lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò tilẹ̀ gbọ́ àwo àtijọ́ kan rí.

Àna wa fi ọ̀wọ̀ bi wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń wí nínú orin tí ó kọjá yẹn?"

Èdè Fọ̀n ni, a kò sì gbọ́ ọ. Ó yẹ kí ojú tì wá, nítorí pé láti ọdún 1982, nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé Juju Music ti Sunny Adé jáde, ni a ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà wa ń fi àwọn Òyìnbó ṣe ẹlẹ́yà pé ìlù àti gìtá ni wọ́n ń yìn, pé wọn kò mọ òwe inú rẹ̀, pé wọ́n sì ń pe orin tí a ti jó nílé ní tuntun. Àwa pẹ̀lú ti kọ́ ẹ̀gàn náà, a sì máa ń sọ ọ́.

Àna wa wá yí sí ọ̀gá wa, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Àwọn àwo àtijọ́ kò sọnù, wọ́n wà nílé yín. Ó dàbí ẹni pé ẹ ń bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí jà nítorí pé wọn kò kú ní ọdún tí ẹ ra àwo wọn. Àwọn méjì kú. Àwọn tí ó kù ń fi ohùn tí ó kù fún wọn kọrin."

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2007 ni a jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ orin ní ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ. Olùkọ́ orin ibẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì kọ orin tuntun fún ìkórè. Ìgbìmọ̀ ní kí àwa yẹ̀ ẹ́ wò. A kọ ojú ewé kan, a ní orin náà kò ní agbára àwọn ti àtẹ̀yìnwá, pé apá ọkùnrin inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, pé ó hàn pé ó ti rẹ ẹni tí ó kọ ọ́. Inú wa dùn sí ìwé náà, nítorí pé èdè rẹ̀ gún. Bàbá gba orin rẹ̀ padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, kò sì kọ òmíràn mọ́ títí ó fi kú ní 2010.

Nígbà tí àna wa ti padà sí Kùtọnu, a lọ sọ́dọ̀ opó rẹ̀. Ó yọ ìwé náà láti inú àpótí, sọ́fà tí a fi yẹ́ńsù kọ. Ní etí rẹ̀ ni bàbá ti kọ ọ́ pé ohùn tẹ́nọ̀ kò kù ju méjì lọ, nítorí náà òun gbé adùn orin fún àwọn obìnrin, kí àwọn méjèèjì má baà ṣe ara wọn léṣe. A kò bi í léèrè nígbà náà. Ìyá ní kí a mú un lọ, kí eku má baà jẹ ẹ́.

A kọ ọ́ ní ìkórè ọdún 2012. Ní oṣù kejìlá ọdún náà àna wa tẹ̀ wá láago pé Clément ti kú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò túká. Ní 2016 wọ́n gbé àwo mìíràn jáde, Madjafalao, àna wa sì fi ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀gá wa yá a fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò tíì dá a padà.