Èmi Ni Mo Mú Bírò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ kí n tó rojọ́. Ní ọdún 2019, mo purọ́ fún ìyá mi àgbà. Irọ́ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá délé, mo máa ń rí irọ́ ọ̀hún níwájú ilé baálẹ̀ wa, ó dúró sán-ún, ó ní òrùlé páànù àti fèrèsé mẹ́jọ.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìwó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá nígbà náà ni, mo jókòó sílé, mò ń retí kí n wọ yunifásítì. Ni wọ́n bá lu agogo lálẹ́ ọjọ́ kan pé ìjọba fẹ́ fún abúlé lówó. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rín làwọn àgbà kọ́kọ́ fi gbà á. Wọ́n rántí DFRRI, èyí tí ìjọba ológun Babangida dá sílẹ̀ ní 1986 láti máa la ọ̀nà, láti máa gbẹ́ kànga, kí wọ́n sì fa iná dé ìgbèríko. Bàbá kan ní, "Ayé ìgbà yẹn, ta ló bi wá léèrè nǹkan kan? Èèyàn á kàn jí lówùúrọ̀ ni, á rí katakata."

Èyí tó dé lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀. CSDP lorúkọ rẹ̀. Báńkì Àgbáyé ló yá Nàìjíríà lówó fún un. Ní 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n tún fi kún un lẹ́yìn náà, ètò ọ̀hún sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2021. Ìjọba kò ní gbé iṣẹ́ wá láti òkè. Abúlé fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó, tí yóò kọ ìwé ètò sílẹ̀: kí ló ń dùn wá, èwo ló dùn wá jù, kí la fẹ́ ṣe sí i, èló ni yóò gbà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, owó yóò wọ àkáǹtì tí abúlé ṣí sí báńkì, ìgbìmọ̀ tí abúlé yàn ni yóò sì ná an. Ṣùgbọ́n abúlé náà gbọ́dọ̀ dá ìdá mẹ́wàá nínú owó iṣẹ́, yálà owó ni o, tàbí iyanrìn, òkúta, omi àti agbára ọwọ́.

Bí òṣìṣẹ́ tó wá bá wa ṣe dárúkọ ìdá mẹ́wàá báyìí, ìyá kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbà wá o! Ṣé ìjọba náà ti dá ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ni?" Gbogbo ojúde baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọ́n pín wa sí mẹ́ta: ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán abúlé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin fi igi ya tiwọn: ilé baálẹ̀, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà oko, ojú títì. Odò wa kò ju ìlà kékeré kan lọ ní ìkángun. Mo wá lọ wo ti àwọn obìnrin. Eérú ni wọ́n fi ya tiwọn. Ọ̀nà odò ló gba ìdajì àwòrán náà! Wọ́n fi òkúta sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi, wọ́n fi ewé sí ibi tí ìyàwó kan ti ṣubú tòun toyún. Mo rò pé wọn ò mọ àwòrán yà ni. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Abúlé kan náà ni o, àmọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn ín kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkùrọ́ la fi dìbò. Àwọn obìnrin kó tiwọn sí kànga ẹ̀rọ. Àwa ọ̀dọ́ kó tiwa sí tiransífọ́mà. Àwọn ọkùnrin ní gbọ̀ngàn ìlú làwọn fẹ́. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n ní ìdí. Abẹ́ igi la ti ń ṣèpàdé, òjò a máa tú wa ká. Abúlé kejì ti ní gbọ̀ngàn tiwọn, wọ́n ń fi yá àwọn tó ń ṣìnkú àti àwọn tó ń ṣègbéyàwó, owó sì ń wọlé.

Wọ́n wá kó gbogbo wa jọ pé ká fẹnu kò. Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára, èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Mo jókòó sáàárín àwọn àgbà, mo mú bírò, orí mi ń wú. Àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Wọ́n sọ ti ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sọ ti àwọn ọmọ tó ń pẹ́ dé ilé ìwé torí omi, wọ́n sọ ti inú rírun. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, àgbà kan yíjú sí mi, ó ní, "Akọ̀wé, fi gbọ̀ngàn ṣe ìkínní. Odò ò tíì gbẹ."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́. Gbogbo ohun tí àwọn obìnrin sọ, mo sọ ọ́ di ìlà kan péré lábẹ́ ìkẹta: "Water is also needed."

Nígbà tó kan kí wọ́n tẹ̀ka, ìyá mi àgbà sún mọ́ mi, ó fojú tẹ̀lé ìwé náà, ó ní, "Ọkọ mi, kí lo kọ?"

Mo ní, "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni, mà."

Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé wa. Owó dé, ìgbìmọ̀ ná an dáadáa, ẹnikẹ́ni kò jí kọ́bọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní wọ́n jí i ni, mi ò bá rí ẹni tí mo máa bínú sí. Ìdá mẹ́wàá ńkọ́? Àwọn ọkùnrin kó iyanrìn, àwa ọ̀dọ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwọn obìnrin ní tiwọn, omi ni wọ́n pín fún wọn. Sìmẹ́ǹtì kì í pò láìsí omi. Láti odò yẹn náà ni o, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, títí wọ́n fi kan páànù. Ìyá mi àgbà ru tirẹ̀. Mo ń wò ó, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ní yunifásítì níbí, a ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀. Olùkọ́ wa ní kí ògbufọ̀ má ṣe fi kún un, kó má sì ṣe yọ kúrò. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ń wo bírò ọwọ́ mi. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́n-ún, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ti di etí oníkàn? A máa ń rò pé ìgbà tí owó bá jáde ni wọ́n ń jí owó abúlé. Wọ́n lè jí i kó tó jáde rárá, lórí ìwé, láìfi ọwọ́ kan náírà kan.

Mo sọ ọ́ fún yín torí pé yóò kàn yín. Lẹ́yìn CSDP, NG-CARES dé ní 2021, òmíràn yóò tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Bí ẹ bá lọ sílé nígbà ìsinmi, wọ́n á ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dé, ẹ fún un ní bírò."

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi àgbà. Wọ́n ń yan ẹ̀gúsí lọ́wọ́, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ohun tá a sọ gùn. Ohun tó o kọ kúrú." Wọ́n wá ní kí n lọ bá àwọn gbé garawa, òjò ti ṣú. Ẹ gbọ́, lọ́jọ́ òjò, abẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn yẹn làwọn obìnrin abúlé wa ń to garawa àti ike sí, láti gbe omi tó ń dà láti orí páànù. Bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn náà ṣe ń fún wọn lómi.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí kànga ẹ̀rọ. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kà á sókè fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá mi dúró pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ làwọn wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́, tí mo tún un kọ, kí n tó yí i sí òyìnbó. Ojú ewé mẹ́rin ni.

Lẹ́tà náà ti lọ. A ò tíì gbúròó nǹkan kan.