Fọ́tò ìyá mi àgbà lórí pátákó ìpolówó

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ fìdí kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fóònù kan ní kí àwa ọ̀dọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ fún ìpàtẹ àwòrán. Fóònù tiwọn ni ká fi yà á o. Mo yá ti ẹ̀gbọ́n mi, mo ya ìyá mi àgbà níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà.

2/ Wọ́n mú tèmi! Wọ́n gbé e kọ́ ògiri, iná ń tàn sí i. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

3/ Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo wà nínú dáńfó, mo rí ìyá mi àgbà lórí pátákó ìpolówó. Orúkọ fóònù rèé gbàgàdà. Orúkọ mi? Kò sí. Owó? Kọ́bọ̀ ò wọlé. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ṣebí mo ti tẹ “mo gbà”. Òótọ́ ni. N ò kà á.

4/ Ọgbọ́n ọjà yìí ti pẹ́. Láti 1949 ni Polaroid ní Amẹ́ríkà ti fi Ansel Adams, gbajúgbajà ayafọ́tò, ṣe olùdámọ̀ràn. Wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní fíìmù, àwọn yẹn ń fún wọn ní fọ́tò, ilé-iṣẹ́ ń pàtẹ ẹ̀. Ẹni tó bá wò ó á ní, “Kámẹ́rà tó tó Adams lò, ó tó èmi náà lò.” Ìpolówó wo ló jùyẹn lọ?

5/ Àmọ́ gbèsè mu Polaroid lómi, ní 2001 àti 2008. Ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí i kí wọ́n ta àwọn fọ́tò. Ní Oṣù Kẹfà 2010, Sotheby’s lu wọ́n ní gbàǹjo ní New York. Owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 12 dọ́là. Chuck Close, oníṣẹ́ ọnà tí iṣẹ́ ẹ̀ wà nínú àkójọ náà, pariwo pé kò yẹ. Wọ́n ṣì tà á.

6/ N ò ní kẹ́ ẹ má kópa o. Ìpàtẹ yẹn ló jẹ́ kí èèyàn mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tẹ “mo gbà”, ẹ bèèrè: ta ló máa ni fọ́tò yìí lẹ́yìn ìpàtẹ? Ọdún mélòó ni wọ́n fi máa lò ó? Orúkọ mi ńkọ́?

7/ Mo fi pátákó náà han ìyá mi àgbà, mo ń ráhùn pé wọn ò bi mí kí wọ́n tó lò ó. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Ìwọ náà ò ṣáà bi mí.”

Ẹnu mi wọhò.