Apá Ọkọ̀ Kì í Ké Lásán

Ní Coconut, níbi tí títì Àpápá sí Òṣòdì ti gba ẹ̀gbẹ́ èbúté Tin Can kọjá, etí ni awakọ̀ fi ń mọ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni bàbá awakọ̀ kan fi ń gbọ́ ìró "kọ̀, kọ̀" níwájú píkọ́ọ̀pù Tacoma rẹ̀ àtijọ́. Ẹrù àwọn oníṣòwò Ajégúnlẹ̀ ni ó fi ń kó; ibẹ̀ ni owó iléèwé àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde. Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, tí ìró náà dún, òun a yí ohùn rédíò sókè.

Nígbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ni ó tó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Ó ń mì bí eyín tó fẹ́ ká.

"Bàbá, bọ́ọ̀lù jọ́ìnì ti jẹ tán, rọ́bà apá ìsàlẹ̀ náà sì ti ya. Bí ó bá já lórí eré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò ká sábẹ́."

"Ṣé o ò lè fi nǹkan há a fún mi títí oṣù yóò fi parí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò."

Apá yìí ni irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù jọ́ìnì ni oríkèé rẹ̀. Ní ọdún 2005, Toyota pe àwọn Tacoma kan padà ní Amẹ́ríkà nítorí oríkèé yìí gan-an. Ṣùgbọ́n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti di tòkunbọ̀, etí awakọ̀ nìkan ló kù tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Ní ọjà Ládipọ̀, Muṣin, apá tòkunbọ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó. Tuntun ni wọ́n rà, fún ọ̀tún àti òsì, nítorí ọ̀nà kan náà ni méjèèjì jọ rìn. Mẹkáníìkì kò fún nọ́ọ̀tì apá náà le tán lórí jáàkì. Ó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, nítorí rọ́bà tí a bá fún le nígbà tí táyà rọ̀ sókè yóò lọ́, kò sì ní pẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì.

Owó tí bàbá tọ́jú tán síbẹ̀. Ó padà sójú títì: tírélà akóńténà níwájú, òmíràn lẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ láàárín. Bí táyà bá ká níbẹ̀, ikú kò ní mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ kó sí kòtò kan. Bàbá pa rédíò, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.