Dermatomyositis: Àrùn Tó Ń Gba Agbára Iṣan

Nínú àrùn dermatomyositis, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn kúrò lára ló ń kọjú ìjà sí iṣan àti awọ ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Kì í ràn. Ó ń mú ọmọdé, ó ń mú àgbà, ṣùgbọ́n obìnrin ló ń mú jù.

Ìdí, itan àti èjìká ni agbára ti kọ́kọ́ ń tán. Ọwọ́ ṣì lè mú bírò kọ̀wé dáadáa. Obìnrin tó ń wé gèlè á gbé apá sókè, kó tó wé e dé ìdajì, apá á ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá jókòó sórí àpótí, àfi kó fọwọ́ ti orúnkún kó tó lè dìde. Nítorí pé kò sí ojú ọgbẹ́, kíá làwọn ará ilé ń pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ìwọ̀sí gbáà ni.

Awọ ló sábà ń tú àṣírí. Ìpéǹpéjú á wú, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà. Nǹkan á lé téńté sórí oríkèé ìka. Oòrùn sì ń mú un le sí i. Lára òyìnbó, ó máa ń pọ́n bí àlùkò, àwòrán tiwọn ló sì pọ̀ nínú ìwé ìṣègùn. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè kàn dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n máa di ẹ̀bi ru ọṣẹ tàbí ìpara. Báyìí ni oṣù á máa gorí oṣù.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa ń wá CK, èròjà tó ń jò látinú iṣan tó bàjẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á gé iṣan bíńtín yẹ̀ wò. Lára àgbàlagbà, ó yẹ kí dókítà wá jẹjẹrẹ pẹ̀lú, torí àwọn méjèèjì lè jọ rìn.

Prednisolone ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, pẹ̀lú methotrexate tàbí azathioprine. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lo methotrexate fún un. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú. Tẹ́lẹ̀, ìsinmi ni wọ́n ń pa láṣẹ. Ìwádìí, pàápàá ní Sweden, ti fi hàn pé eré ìdárayá tí a fara balẹ̀ ṣe ń dá agbára padà. Òṣèré Laurence Olivier, tí àrùn náà mú ní 1974, ṣì kó ipa King Lear fún tẹlifíṣàn ní 1983.

Bí oúnjẹ bá ń há ẹni lọ́fun, tàbí tí mímí ń le, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá prednisolone dúró lójijì nítorí pé ara ti yá.