Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lórí iṣẹ́ abẹ

Àdùkẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Nítorí pé wọ́n rí kókó lára páńkíríà rẹ, o ti ń ka ara rẹ mọ́ òkú. Rọra. Jẹjẹrẹ páńkíríà kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Èyí tó wọ́pọ̀, tó ń yára pànìyàn, ojú ọ̀nà tí omi tó ń da oúnjẹ ń gbà ló ti máa ń hù. Àyẹ̀wò tìrẹ ní ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mọ̀nù ló ti yọ. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n, kì í sì í sábà yára dàgbà. Nígbà tí kò bá tíì tàn, abẹ ló lè mú un kúrò pátápátá.

Bí irú kókó bẹ́ẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 2, tí kò sì yọni lẹ́nu, dókítà lè ní kí ẹ kàn máa ṣọ́ ọ. Tìrẹ ti kọjá ìyẹn, orí páńkíríà ló sì wà, ibi tó le jù. Wọ́n á gé orí náà pẹ̀lú òróǹro àti apá kan ìfun, wọ́n á wá so èyí tó kù pọ̀ kí oúnjẹ lè rí ọ̀nà gbà. Orúkọ Allen Whipple, dókítà New York tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1935, ni wọ́n fi ń pè é, bẹ́ẹ̀ Walther Kausch ti ṣe irú rẹ̀ ní Berlin ní 1909. Bí ayé ṣe ń pín ògo nìyẹn. Iṣẹ́ ńlá ni. Bi dókítà tó máa ṣe tìrẹ léèrè iye irú rẹ̀ tó ń ṣe lọ́dún. Kì í ṣe àfojúdi. Lẹ́yìn rẹ̀, o lè máa lo oògùn tó ń bá ni da oúnjẹ, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì lè tẹ̀ lé e.

O ní o fẹ́ kọ́kọ́ fi àgbo àti ààwẹ̀ gbìyànjú. Irú àrùn yìí ló mú Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀. Wọ́n rí i ní oṣù kẹwàá 2003, ó sì ń fi ewébẹ̀ àti omi èso tọ́jú ara rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní 2004, àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀. Ó kú ní 2011. Kò sẹ́ni tó lè búra pé ìdádúró yẹn ló pa á. Ó ṣeé ṣe kó ti dé ẹ̀dọ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o fi oṣù mẹ́sàn-án tìrẹ wádìí rẹ̀.

Fi lẹ́tà yìí han bàbá rẹ, kí ẹ jọ lọ rí oníṣẹ́ abẹ lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ