Ta Ló Ń Pe Fọláṣadé?

Inú kórópe ni mo wà, mo ń ti Òṣogbo bọ̀ wá sílé ní Ẹdẹ. A há mọ́ra lórí ìjókòó ẹ̀yìn, apẹ̀rẹ̀ tòmátì ẹnìkan sì fìdí kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ní òun fẹ́ fi orin kan tu àwọn tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ lára, orin “Ṣáàdè”. Ó gbé ohùn sókè níwájú, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni sọ garawa kalẹ̀.

“Ṣadé ni!” N kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí wò mí tìyanu-tìyanu. “Mọ́mì, òyìnbó mà lobìnrin yẹn.”

Mo sọ̀kalẹ̀, mo délé, mo dáná, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Bóyá kí n tètè jẹ́wọ́: Fọláṣadé ni èmi náà ń jẹ́.

Òyìnbó kọ́ ni obìnrin náà, ó kàn jẹ́ pé ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó ni. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Helen Fọláṣadé Adú, ní ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1959. Bàbá rẹ̀, Adébísí Adú, ọmọ Èkìtì, jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Ìyá rẹ̀, Anne Hayes, jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìgbéyàwó náà tú ká. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Fọláṣadé nígbà tí ìyá rẹ̀ kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ aṣọ ló kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí orin tó gbà á lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Diamond Life, jáde ní 1984. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tà á tẹ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà sára páálí rẹ̀: “Shar-day”. Mo ti wo lẹ́tà méje yẹn títí ojú fi ń ro mí. Èwo ni ti “r” nínú adé? Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká dá wọn lẹ́bi jù. Wọ́n kó gbogbo ohun tí wọ́n rí kó lára orúkọ náà. Ohùn ni wọn ò rí kó, nítorí kò sí àpò tí wọ́n lè kó o sí.

Ká ní ìlú mìíràn ni mo ń gbé, bóyá ǹ bá ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹdẹ ni mo ń gbé. Níhìn-ín ni Ọba John Adétóyèṣe Láoyè ti jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, ọba tó ń mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́ lu ìlù fúnra rẹ̀, tó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù lọ́dún 1959. Ta ló máa gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa ro ọ̀rọ̀ ohùn?

Ìyáàlù kò ní ètè, kò ní eyín. Kò lè pe “f”, kò lè pe “ṣ”. Bí onílù bá fẹ́ pè mí, yóò kàn fún ọsán, yóò tú u: re, mí, re, mí. Èmi nìyẹn. Adéwọlé náà nìyẹn. Ọláwọlé tó jókòó sí ìkángun náà nìyẹn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lè dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Páálí àwo Amẹ́ríkà di ara orúkọ mú, ohùn bọ́ lọ. Ìlù Ẹdẹ di ohùn mú, ara bọ́ lọ. Inú mi dùn sí àbá yìí. Mo gbàgbé tòmátì títí ọbẹ̀ mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná.

Mo wá múra láti pe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́. Fọláṣadé: ẹni tó fi ọlá ṣe adé. Wọ́n gé iwájú rẹ̀ dànù, ó ku adé. Ọlá tí a fi ṣe é ti jábọ́ sójú omi. Ẹjọ́ náà dùn lẹ́nu mi títí mo fi rántí ìtàn tí wọ́n ń kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀: pé àwọn ará àdúgbò ní Nàìjíríà kò fẹ́ máa pe ọmọ náà ní Helen, ni àwọn òbí rẹ̀ bá ń pè é ní Ṣadé. Nílé níbí ni wọ́n ti gé e! Kì í ṣe òyìnbó ló mú ọ̀bẹ. Ẹnu aládùúgbò ló kọ orúkọ kan, tó sì gba ìkejì.

Nígbà tó yá, orúkọ yẹn kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́. Òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣeré ló ń jẹ́ Ṣadé, nítorí orúkọ ẹgbẹ́ náà nìyẹn. Nínú fíìmù Absolute Beginners ti 1986, ó kọrin, ó sì tún jẹ́ orúkọ mìíràn, Athene Duncannon. Ọmọ Ẹdẹ wa náà, olórin David Adédèjì Adélékè, tí wọ́n bí sí Atlanta ní 1992, kò fi Adédèjì há aráyé lọ́fun. Davido ló ní kí wọ́n máa pe òun, gbogbo ẹnu sì gbà á.

Níbẹ̀ ni ìyá bàbá mi ti wọlé sínú ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà l’Ọ́jà Tìmì. Bó bá ń wọn kóńgò, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ kó lè ga, eruku ẹ̀lùbọ́ á sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀ títí yóò fi dà bí ẹni tó hewú lójú. Obìnrin yìí kò pè mí ní Fọláṣadé rí. Ó ní ti ìwé nìyẹn, kí àwọn tó nìwé máa pè é. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí. Bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò fa ìparí rẹ̀ gùn títí dé ìsọ̀ alátà. Bí mo bá da ẹ̀lùbọ́ nù, yóò já a lẹ́nu ṣákí bí ẹni já ewé, ẹ̀rù á bà mí kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Ó ti lọ. Bàbá mi tó sọ mí ní Fọláṣadé náà ti lọ. Mo wá ń bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jà nínú kórópe.

Bẹ́ẹ̀ èèyàn kì í pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló ń lò ó kéré jù. Obìnrin olórin yẹn gbé àwo jáde ní 1992, ó dákẹ́ di 2000, ó tún dákẹ́ di 2010. Nínú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ náà, wọn kò yé pè é, ní Ṣáàdè, ní Ṣadé, bó ti bá ẹnu kálukú mu. Orí ohùn ni mo fi ẹjọ́ mi lé, kò sì jẹ́ ẹjọ́ ohùn rárá. Ẹni tí yóò pè mí ló ń tán lọ, mo wá fẹ́ kí rédíò dí àlàfo rẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan, onílù dé iwájú tábìlì wa. Ó tẹ̀ sí mi létí: “Ìyá wa, kí ni wọ́n ń pè yín?” Mo fẹ́ sọ Fọláṣadé. Àbẹ̀kẹ́ ló jáde.

Ó tú ọsán, ó tún fún un: dò, dò, mí. Mo mọ̀ pé Àdùkẹ́ bí mẹ́ta lè wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, tiwọn náà sì nìyẹn. Síbẹ̀ èmi ni mo bojú wẹ̀yìn kíá, mo ń wo ọwọ́ mi bóyá mo ti da ẹ̀lùbọ́ nù.