Fáìlì Tó Sápamọ́ ní Ibo Road

Nílẹ̀ Yorùbá, Hausa ló ń gbé Sábó. Ní Kano, àwa àlejò ni. Ní Sábó tiwa yìí, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ibo Road, ni iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti pòórá nínú fúláàṣì: odidi orí márùn-ún, ọ̀la sì ni olùkọ́ fẹ́ gbà á. Shortcut nìkan ló kù. Oníṣọ́ọ̀bù ní òun yóò fọ́ọ̀màtì rẹ̀. A ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbà!” Àyè tó ṣófo nínú fúláàṣì kò pọ̀ sí i rárá.

Fáírọ́ọ̀sì kò pa fáìlì. Ó lẹ àmì H àti S mọ́ ọn lára, bí ẹni pé ti ètò kọ̀ǹpútà ni. Bí ẹ bá ní kí Windows fi ohun tó pamọ́ hàn, èyí tó ní S kò ní yọjú. Bí ẹ bá ní kó yọ H nìkan, yóò kọ̀. Méjèèjì ni ẹ ó yọ pọ̀. Command Prompt, ojú dúdú yẹn, la ṣí. E ni lẹ́tà fúláàṣì náà:

attrib -h -s /s /d E:\*.*

Orí márààrún yọ. Ẹ̀gbọ́n wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. A kò jẹ́ kó tẹ shortcut kankan, àwọn ló ń jí àrùn náà. Ti C ni kí ẹ má tú o: bí ẹ bá rí pagefile.sys níbẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.